Ẹni Tó Mọ Ọjà Orí Fóònù, Kó Kọ́ Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Láti ìgbà àrùn kòrónà ní 2020, tí wọ́n ti ọjà pa, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 tí owó bébà wọ́n bí ojú, púpọ̀ nínú wa ló ti rí i pé fóònù náà ti di ìsọ̀. Àwọn kan ti pẹ́ ní ìsọ̀ yìí. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa lóṣù yìí kàn jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀bá yunifásítì LAUTECH tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1990 ni, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ń ti inú yàrá wọn ta bàtà, aṣọ àti oúnjẹ lórí WhatsApp àti Instagram. Nítorí náà, bí ìyá oníṣòwò kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, yóò pe ọ̀kan nínú wọn: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi ṣí i." Ọmọ náà á ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tirẹ̀ àti í-meèlì tirẹ̀ ni yóò lò, nítorí ìyẹn ló yá jù. Ọjà á bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Nígbà tí ọmọ bá jáde tán, tó lọ sìnrúùlú ní ìlú òkèèrè, tí fóònù ìyá sì bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò lè ṣí i mọ́. Àti ojú ìwé o, àti oníbàárà o, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ọmọ yẹn kì í ṣe olè. Ó ṣe é fún màmá ni, kò kọ́ màmá.

Bí a bá ń kọ́ ọmọ ní aṣọ òfì híhun, ṣé ọ̀gá ló máa ń jókòó sídìí òfì láti àárọ̀ dalẹ́ kí ọmọ máa wòran? Rárá o. Kí fóònù wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ gba sùúrù. Nọ́ńbà tí yóò fi ṣí i gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó forúkọ ara rẹ̀ gbà. Nọ́ńbà olójú mẹ́fà tí WhatsApp máa ń fi ránṣẹ́ sí i, kò gbọdọ̀ kà á fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbà wọlé, tí wọn á máa fi orúkọ ẹni tọrọ owó lọ́wọ́ ojúlùmọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan sì wà tí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n kì í rántí sọ. Ọjà tí a gbé sí Status, wákàtí 24 péré ló ní. Broadcast tí a bá ṣe, ẹni tó bá fi nọ́ńbà wa pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tuntun á jókòó fún oṣù méjì, á rò pé ayé kọ ọjà òun, kò mọ̀ pé kò sí ẹni tó rí i! Ẹni tó ń ta tìmùtìmù awọ Ọ̀yọ́, kó ya fọ́tò rẹ̀ ní ìta láàárọ̀, kó na tépù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì kọ iye rẹ̀ síbẹ̀. "Ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀ fún iye owó" yìí, ní tèmi, ó ń lé oníbàárà ni. Kó tó gbé ẹrù fún awakọ̀ ní gáréèjì, kó wo àkáǹtì fúnra rẹ̀ bóyá owó ti wọlé. Ayédèrú álátì pọ̀ níta.

A mọ ohun tí àwọn kan ń rò: "Ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi kọ́ ẹni tí yóò gba oníbàárà mi?" Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ti ahun. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń ra ọjà tàbí èrè tí ẹ ń jẹ. Ìyẹn tiyín ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tuntun bá fi àìmọ̀ ta aṣọ tí kò bá fọ́tò mu fún ará Èkó tàbí ará Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ ẹni náà kọ́ ni onítọ̀hún yóò rántí. "Àwọn ará Ọ̀yọ́" ni yóò sọ. Yóò sì kan ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí rẹ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa. Àwọn 28 tó dá ìsọ̀ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ ní Rochdale, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1844, ahunṣọ wà nínú wọn. Nígbà tí àjọ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lágbàáyé sì tún ìlànà wa kọ ní 1995, ìkọ́ni ni ìkarùn-ún nínú méje. Ẹni tó ń kọ́ni náà kò ní lọ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ Under G tó mọ fóònù lè má mọ òfì gidi yàtọ̀ sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣá. Màmá mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí a tó gba owó. A ó fi ẹni tuntun kan ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kan fún oṣù mẹ́ta. Ẹ gba iná kún fóònù yín wá o, nítorí a kò lè gbọ́kàn lé iná mànàmáná.