KÓKÓ ABẸ́ AWỌ: ṢÉ ÀFIṢE NI, ÀBÍ ÀRÙN ÌDÍLÉ?

"Wọ́n fi ṣe é ni!" Ohun tí aráyé máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn bí wọ́n bá rí kókó léjìká ẹnìkan. Láti Ìlàsàn dé Ajah, títí wọ Badore àti Langbasa, ẹ ó rí awakọ̀ tó ní in lápá, ẹ ó sì rí ìyá ẹlẹ́ja tí tirẹ̀ wà lẹ́yìn. Òmíràn kéré bí ẹ̀pà, òmíràn tó ẹyin adìyẹ. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀, ó ń yẹ̀ lábẹ́ ìka, kì í sì í sábà dunni.

Ọ̀rá lásán ni o! Lipoma ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ràn, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹran ọlọ́ràá kọ́ ló fà á, torí ẹni tó gbẹ bí igi ìdáná náà máa ń ní in. Bí ẹni tó sanra bá sì rù, kókó kì í bá a rù.

NÍBO LÓ TI WÁ?

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni okùn àjogúnbá wà, 46 lápapọ̀: bàbá fún wa ní 23, ìyá fún wa ní 23. Lórí okùn kejìlá ni jíìnì kan wà tó ń jẹ́ HMGA2. Ìgbà tí ọmọ wà nínú oyún ló máa ń ṣiṣẹ́ jù, kí ara lè dàgbà; lẹ́yìn náà, ó sùn lọ. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ kókó ọ̀rá, okùn yìí ti já, ó ti lọ so mọ́ ibòmíràn, ni HMGA2 bá tún jí. Inú kókó náà nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní ẹyọ kan ṣoṣo kì í sábà jogún rẹ̀, kì í sì í fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ti ìdílé yàtọ̀. Níbẹ̀, kókó á pọ̀ lápá, nítan àti níkùn. Bí òbí kan bá ní in, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀mu-paraga, ẹ gbọ́ tiyín o! Ní 1888, Otto Madelung, dókítà ará Jámánì, kọ nípa àwọn tí ọ̀rá yí ọrùn wọn ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọkùnrin tó ń mutí àmupara ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní irú èyí.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ ṢE SÙÚRÙ

Àwọn ẹbí mìíràn a máa tìtorí kókó tú ìgbéyàwó ká, wọ́n á ní àrùn burúkú wà nídìí ilé ọ̀hún. Ìyẹn kò dáa. Kókó ọ̀rá kì í pààyàn, kì í sì í ba ilé ọmọ jẹ́.

Èyí tó ń pààyàn ni abẹ tí oníṣẹ́ ọwọ́ kan fi ń gé e lẹ́yìnkùlé. Bí kókó bá ń yára tóbi, tó le, tó ń dunni, tàbí tó ti ju ẹyin adìyẹ lọ, ẹ wọ mọ́tò, ẹ gba ọsibítù jẹ́nẹ́rà ní Erékùṣù Èkó lọ, tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, torí jẹjẹrẹ ọ̀rá wà lóòótọ́, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bó bá yẹ ní gígé, abẹ́rẹ́ apàrora ni wọ́n á kọ́kọ́ gún un, ẹlòmíràn á sì padà sílé lọ́jọ́ náà.

Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Ẹ má fi ti àwọn ayé pa ara yín o!