Àyẹ̀wò Ìwé Madeleine L'Engle, A Wrinkle in Time

Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ni ó dá ìwé yìí padà kí ó tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1962. Ní 1963, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Newbery, èyí tí a fi ń yẹ́ ìwé ọmọdé tí ó ta yọ sí ní ilẹ̀ náà. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí ó gbé e níyì.

Meg Murry ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Bàbá rẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti sọnù. Òun, Charles Wallace àbúrò rẹ̀, àti Calvin O'Keefe wá a lọ sí ayé mìíràn; àwọn ẹ̀dá abàmì mẹ́ta ni ó ṣe amọ̀nà wọn. A lè fi aṣọ ṣàlàyé ìrìn wọn: kòkòrò tí ó ń ti etí aṣọ kan lọ sí èkejì yóò rìn pẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ká aṣọ náà tí etí méjèèjì pàdé, ìrìn náà di ìṣísẹ̀ kan.

Ní Camazotz, níbi tí bàbá wọn wà ní ìgbèkùn, ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé ti dára jù. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé ọwọ́ kan ni gbogbo wọn ní. Ọmọ kan ṣoṣo ni tirẹ̀ yàtọ̀, ẹ̀rù sì ba ìyá rẹ̀. Ọpọlọ kan tí kò ní ara ni ó ń ṣe àkóso gbogbo wọn. Ìka kò dọ́gba; ní Camazotz, a fi ipá mú un dọ́gba. Olùkọ́ tí ó bá kà á yóò bi ara rẹ̀ pé: níbo ni ìgbọ́ràn parí sí, níbo sì ni ìsìnrú ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn ìwé náà jinlẹ̀. Charles Wallace gbẹ́kẹ̀ lé làákàyè ara rẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ Ọpọlọ náà. Meg jẹ́ onínúfùfù àti olóríkunkun. Àléébù rẹ̀ wọ̀nyí gan-an ni a fi ta á lọ́rẹ. Ìbínú gbà á lọ́wọ́ Ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò lè ra àbúrò rẹ̀ padà. Ìfẹ́, ohun tí Ọpọlọ kò ní, ni ó tú ọmọ náà sílẹ̀.

Ìwé náà ní àbùkù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Charles Wallace, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ìparí rẹ̀ yá jù. A kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa àwọn ará Camazotz tí ó ṣẹ́kù sínú ìgbèkùn. Síbẹ̀, ìwé tí ó fi han ọmọ pé àléébù rẹ̀ lè di ohun ìjà, tí ó sì tún fi ibi tí agbára ohun ìjà náà pin sí hàn án, yẹ ní kíkà.