Ṣé O Mọ̀? Bí Ìgbẹ́ Bá Gbọ̀n Ọ́ Lóko Ikpinlè

Ẹni tó sùn sí ahéré, ẹni tó lọ kọ ẹyìn, ẹni tó lọ dẹ̀gbẹ́: ṣáláńgá jìnnà sí gbogbo wọn. Ọkọ́ tàbí àdá kì í sì í wọ́n lọ́wọ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ihò tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, bí ìdajì ìgbọ̀nwọ́, ti tó láti yàgbẹ́ sí? Apá òkè ilẹ̀ yẹn ni àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń mú ìgbẹ́ jẹrà pọ̀ sí jù.

Ṣé o mọ̀ pé ó yẹ kí o rin ìṣísẹ̀ 70, bíi mítà 60, kúrò létí odò tàbí kànga kí o tó gbẹ́ ihò náà? Níbi tó bọ́ sínú àfonífojì Lama ní Adja-Ouèrè, kọmúùnù tí Ikpinlè wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ dúdú, amọ̀ tó ki ni. Bí òjò bá dé, omi kì í tètè wọlẹ̀ níbẹ̀. Àgbàrá ló máa ń gbá ohun tí a kò bò lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹyin aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀, èyí tó bá ìgbẹ́ jáde, máa ń pa láàárín ọjọ́ 1 sí 2 nínú ilẹ̀ tútù? Tó bá fi máa di ọjọ́ 5 sí 10, ọmọ rẹ̀ ti lè gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé abo aràn gbọọrọ kan lè yé ẹyin 200,000 lóòjọ́? Ẹyin ọ̀hún lè lo ọdún mélòó kan nínú ilẹ̀ láìkú.

Ṣé o mọ̀ pé Diutarónómì 23:13 pàṣẹ fún àwọn ọmọ ogun tó wà ní ibùdó pé kí wọ́n mú ohun ìwalẹ̀ dání, kí wọ́n sì bo ìgbẹ́ wọn? Hàdíìsì náà kìlọ̀ pé kí Mùsùlùmí má yàgbẹ́ sí etí omi, ojú ọ̀nà àti abẹ́ ibòji.

Bébà ìnudìí ńkọ́? Bò ó mọ́ inú ihò náà, tàbí kí o dì í sínú ọ̀rá lọ sílé. Má ṣe dáná sun ún: ní 2015, ẹnì kan sun bébà ìnudìí nítòsí Boise, ní Amẹ́ríkà, iná sì ran pápá. Ọyẹ́ tiwa kò ní ṣàánú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tíṣù olómi ní ike nínú. Má rì í mọ́lẹ̀ rárá.

Ewé lo fẹ́ lò? Wò ó dáadáa. Ẹni tó bá fi èsìsì nudìí kò ní jókòó lọ́jọ́ náà.

Ṣé o mọ̀ pé eṣinṣin máa ń pọ oúnjẹ tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ sórí oúnjẹ tìrẹ kó tó lá a? Ibi tó ti jẹun kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kì í gbàgbé. Gbẹ́ ilẹ̀, bò ó, fi ọṣẹ fọwọ́ rẹ.