Ófà àti Ọ́ńdà: Àlàyé lórí Tẹ́tẹ́ Àròpọ̀ Góòlù ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọmọ Ìperu ni Olóyè Kessington Adebutu tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹni tí ó dá ilé iṣẹ́ Premier Lotto sílẹ̀ ní ọdún 2001. Kunle Soname, tí ó wà lára àwọn tí ó dá Bet9ja sílẹ̀ ní ọdún 2013, ni ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Remo Stars tí ó fi Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ibùjókòó, ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/2025. Láti Ijoku ní Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, bọ́ọ̀lù àti tẹ́tẹ́ ń bá ara wọn rìn pẹ́kípẹ́kí.

Ẹ̀yà kan wà nínú tẹ́tẹ́ yìí tí àwọn ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀ ju bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Èyí ni tẹ́tẹ́ àròpọ̀ góòlù, tí àwọn atatẹ́tẹ́ ń pè ní ófà àti ọ́ńdà. Ohun mẹ́ta ni ó jẹ bébà yìí lógún: ohun tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí gan-an, bí ilé tẹ́tẹ́ ti ń fi iye sí i, àti ìdí tí owó atatẹ́tẹ́ fi ń jò dànù. Bóyá tẹ́tẹ́ dára tàbí kò dára kì í ṣe ohun tí bébà yìí fẹ́ dá lẹ́jọ́.

2. Láti orí ọ̀mì dé orí àròpọ̀

Púù ni tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tí àwọn bàbá mọ̀. Ìlú Liverpool ni ilé iṣẹ́ Littlewoods ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1923. Ọ̀mì ni ẹni tí ó ń ta púù máa ń wá kiri lórí fọ́ọ̀mù, ìyẹn eré tí ẹgbẹ́ méjèèjì yóò gbá tí ẹnikẹ́ni kò ní borí. Nígbà tí líìgì Gẹ̀ẹ́sì bá wà ní ìsinmi, eré ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n fi ń dípò. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé inú eré ayò ni ọ̀rọ̀ náà, ọ̀mì, ti wọ inú bọ́ọ̀lù. Èdè Yorùbá kò yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ófà àti ọ́ńdà, ní tiwọn, jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò tí wọ́n ti gba ìró Yorùbá sára.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìlànà méjèèjì ju ti orúkọ lọ. Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ púù, wọn a kó owó gbogbo ènìyàn jọ sójú kan, ilé iṣẹ́ a yọ tirẹ̀, àwọn tí wọ́n jẹ a sì pín ìyókù. Ní ti ófà àti ọ́ńdà, atatẹ́tẹ́ ti mọ iye tí yóò gbà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ilé tẹ́tẹ́ ni ó gbé ewu náà sí orí ara rẹ̀. Nítorí náà, inú iye tí ó kọ sójú pátákó gan-an ni ó ti ń fi ààbò tirẹ̀ pamọ́ sí.

3. Ìlà góòlù méjì àti ààbọ̀

Nínú tẹ́tẹ́ yìí, ẹni tí ó borí kò ṣe pàtàkì. Iye góòlù tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá jẹ lápapọ̀ ni wọn yóò kà. Ìlà tí ó wọ́pọ̀ jù ni 2.5. Bí àròpọ̀ bá jẹ́ 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ófà ni ó jẹ. Bí ó bá jẹ́ 2 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ọ́ńdà ni. Kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè jẹ ààbọ̀ góòlù, ìdí sì nìyí tí ilé tẹ́tẹ́ fi ń lo ààbọ̀, kí ọ̀ràn má baà já sí ọgbọọgba. Bí ìlà bá jẹ́ 3 gééré tí góòlù sì jẹ́ 3, ńṣe ni wọn yóò dá owó padà. Ìṣẹ́jú 90 àti àfikún tí adájọ́ bá fi sí i ni wọ́n ń kà. Wọn kì í ka àkókò àlékún tàbí pẹnáritì àṣekágbá. Ní ti bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, máàkì ni wọ́n ń rò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ka àkókò àlékún mọ́ ọn.

Àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà tí ó wáyé ní Abidjan ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024 fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Troost-Ekong jẹ góòlù kan fún Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú 38. Kessié dá a padà ní ìṣẹ́jú 62. Ní ìṣẹ́jú 81, Haller jẹ ẹ̀kejì fún Ivory Coast, eré sì parí sí 2 sí 1. Góòlù tí ó gba ife lọ́wọ́ Nàìjíríà yìí kan náà ni ó sọ tíkẹ́ẹ̀tì ófà di owó. Ní ọdún 2013, tí Nàìjíríà fi 1 sí òdo borí Burkina Faso tí gbogbo ìlú sì ń jó, òfò ni fún ẹni tí ó mú ófà. Tẹ́tẹ́ àròpọ̀ lè ya ayọ̀ ènìyàn nípa sí ayọ̀ ìlú rẹ̀.

4. Bí wọ́n ti ń fi iye sí i

Ìṣirò tí ó wà nídìí rẹ̀ ti pẹ́. Ìlànà tí Poisson, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní ọdún 1837 ni Maher fi ṣe àlàyé iye góòlù bọ́ọ̀lù ní ọdún 1982. Bí góòlù tí ènìyàn lè retí nínú eré kan bá jẹ́ 2.7, ìlànà yìí fi hàn pé nínú irú eré bẹ́ẹ̀ 100, nǹkan bí 51 yóò já sí ófà, nǹkan bí 49 yóò sì já sí ọ́ńdà. Bí kò bá sí èrú níbẹ̀, ìlọ́po méjì owó ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá jẹ máa gbà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ká ní 1.90 ni ilé tẹ́tẹ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan ní Ijoku bá fi 1,000 náírà sí ófà, tí ẹlòmíràn sì fi 1,000 sí ọ́ńdà, 2,000 ni ó wọlé. 1,900 ni yóò jáde, ibi yòówù kí eré já sí. Ọgọ́rùn-ún náírà ti kù sílẹ̀ kí wọ́n tó fọn fèrè.

5. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ré púpọ̀

Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bí ohun kékeré. Àmọ́ ọ̀pọ̀ atatẹ́tẹ́ kì í dúró lórí eré kan. Wọn a so eré mẹ́wàá pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Bí 1.90 bá ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò di nǹkan bí 613, tí ó fi jẹ́ pé 100 náírà yóò di nǹkan bí 61,300. Owó yìí ni ojú ń rí. Ohun tí ojú kò rí ni pé bí eré kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 1,024 ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò bọ́ sí i. Owó tí ó bá ewu yẹn dọ́gba ni 102,400. Ilé tẹ́tẹ́ ti mú nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè gbà bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́wàá ni mẹ́sàn-án lè gbà bọ́ sí i kí ẹyọ kan já tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, àjẹkù eré kan ń ṣẹlẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá ju jíjẹ lọ. Ẹni tí eré kan gé báyìí a máa rò pé òun ti súnmọ́ ọ̀nà, a sì tún padà lọ́jọ́ kejì. Àmì ìmọ̀ ni ó pè é. Bí ìṣirò ti rí ni.

6. Àgbálọgbábọ̀

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Nàìjíríà fagi lé òfin lọ́tìrì ti ọdún 2005, ó sì dájọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ wà níkàáwọ́ wọn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọ̀rọ̀ náà já lé léjìká báyìí ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Bí ìjọba yóò bá ṣe òfin lórí rẹ̀, ohun tí ó kéré jù tí ó yẹ atatẹ́tẹ́ ni kí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sọ fún un, ní èdè tí ó gbọ́, iye ìgbà tí irú rẹ̀ ń jẹ àti iye ìgbà tí ó ń jó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn góòlù méjì àti ààbọ̀ pẹ̀lú ju góòlù kẹta lọ.