Sinimá Kúkúrú nípa Ìgbà Èwe, Ìfẹ́ àti Àdánù

Bí a bá dárúkọ sinimá, ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ni sinimá gígùn, irú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun ṣe ní ọdún 1976, tàbí Ayé tí Hubert Ògúǹdé gbé jáde ní ọdún 1979. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà sinimá mìíràn wà tí kì í gùn tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì lè mi ọkàn ènìyàn bákan náà. Òun ni à ń pè ní sinimá kúkúrú. Ìwọ tí ò ń ka àròkọ yìí, ìbáà ṣe ní Igbókòdá tàbí ní abúlé kan létí òkun Ìlàjẹ, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ó jẹ́, bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí ó lè ṣe fún wa.

Àjọ tí ó ń fún àwọn onísinimá ní ẹ̀bùn Oscar ní Amẹ́ríkà fi ìṣẹ́jú 40 ṣe òpin sinimá kúkúrú. Má ṣe rò pé àìgùn rẹ̀ jẹ́ àbùkù. Ìyá àgbà tí ó ń pa àlọ́ kì í jókòó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, síbẹ̀ ọmọ tí ó gbọ́ àlọ́ náà kì í gbàgbé. Ènìyàn kan tàbí méjì àti ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ti tó irú sinimá yìí. Nítorí náà ni ó ṣe fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìgbà èwe, ìfẹ́ àti àdánù. Kò sí ẹni tí kò ṣe ọmọdé rí, kò sì sí ẹni tí ohun tí ó fẹ́ràn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ mẹ́ta yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni Le Ballon rouge, tí Albert Lamorisse ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1956. Ọmọkùnrin kékeré kan rí bàlúùnù pupa kan ní ìlú Paris, bàlúùnù náà sì ń tẹ̀ lé e káàkiri bí ọ̀rẹ́. Àwọn ọmọ ẹlẹ́gàn bẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu inú sinimá yìí kò tó nǹkan, síbẹ̀ ó gba ẹ̀bùn Oscar fún kíkọ eré, nítorí pé ohun tí a rí ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán.

Èkejì ni Borom Sarret, tí Ousmane Sembène ará Senegal ṣe ní ọdún 1963. Ó dá lórí ọkùnrin kan tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà wá oúnjẹ òòjọ́ ní ìlú Dakar. Ní ọjọ́ kan, ó gbé bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ kú lọ sí itẹ́ òkú, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí bàbá náà wọlé nítorí pé ìwé rẹ̀ kò pé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọlọ́pàá gba kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà pẹ̀lú, ó sì darí sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀kẹta ni Lizard, tí Akínọlá Davies ṣe ní ọdún 2020. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 8 kan ni wọ́n lé jáde nínú kíláàsì ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Èkó, ojú rẹ̀ sì rí ohun tí àwọn àgbà ń fi pamọ́. Ìṣẹ́jú 18 péré ni, ó sì gba ẹ̀bùn tí ó ga jù fún sinimá kúkúrú ní àjọ̀dún Sundance ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2021.

Bí o bá fi ara balẹ̀, ìwọ yóò rí i pé ohun kékeré kan ni ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ró: bàlúùnù, kẹ̀kẹ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọmọdé sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ṣe wọ́n kò dúró wàásù.

Ǹjẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ha wọ́n wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ bí? Ronú sí ìlú Ayétòrò. Àwọn onígbàgbọ́ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní ọdún 1947. Wọ́n kọ́ ilé sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà, wọ́n sì fi ohun ìní wọn ṣe ti gbogbogbòò. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ń ṣe bàtà. Lónìí, òkun ti gba apá púpọ̀ nínú ìlú náà, àti ilé àti òpópónà. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ lè nawọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń ru pé, “Níbẹ̀ yẹn ni yàrá ìyá mi wà.”

Fi ojú inú wo ọmọ kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ wọn àlàfo tí ó wà láàárín ilé wọn àti omi. Ẹsẹ̀ 30 ni lọ́dún tí ó kọjá. Lọ́dún yìí, ó ti di 17. Ìyá rẹ̀ àgbà kò fẹ́ kó lọ, nítorí pé ibojì ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ìgbà èwe, ìfẹ́ àti àdánù ti pé síbẹ̀, a kò sì nílò ju ìṣẹ́jú 10 lọ láti fi wọ́n hàn.

Nígbà kan, iṣẹ́ olówó ńlá ni sinimá; lónìí, fóònù alágbèéká lè ya àwòrán tí ń rìn. Bí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ bá fẹ́ gbìyànjú, ẹ mú ohun kan ṣoṣo, kí ẹ sì tẹ̀ lé e dé òpin. Ẹ ya á ní òwúrọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn kò mú jù. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù, nítorí pé atẹ́gùn òkun máa ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Bí ìyá àgbà bá dákẹ́ tí ó ń wo omi, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Lákòótán, sinimá kò lè dá òkun dúró; iṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ẹni tí kò dé etí òkun rí mọ ohun tí a ń pàdánù, kí ọmọ tí a kò tí ì bí sì mọ bí ilé bàbá rẹ̀ ti rí kí omi tó dé.