Rìsíìtì Ọsibítù Kì í Ṣe Bébà Ìdì Àkàrà

Ẹ jí ìyálọ́jà lóru, kẹ́ ẹ ní kó mú káàdì àjọ rẹ̀ wá, kò ní tan iná kó tó rí i. Ó mọ ibi tó fi sí, ó mọ ọjọ́ tí alájọ kò yà, ó mọ ọjọ́ tó dá méjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó mú rìsíìtì ọsibítù tí ọmọ rẹ̀ lọ lóṣù tó kọjá wá, ariwo dé nìyẹn. Wọ́n á ká ẹní, wọ́n á gbọn àpò, wọ́n á ní bóyá àwọn ọmọ ló fi ṣeré. Bẹ́ẹ̀, owó tó bá rìsíìtì yẹn lọ lè ju àjọ oṣù mẹ́ta lọ.

Ní Nàìjíríà, àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìwòsàn ti ń jáde. Òfin adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 ní kí gbogbo èèyàn wọ̀ ọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kò tíì sí níbẹ̀. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ wo ara rẹ̀, tí kò sì tọ́jú ìwé, á san owó kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ká ní bíríkìlà kan san 60,000 náírà sílẹ̀ kí wọ́n tó fún ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ní kí ìyàwó máa lọ sílé, gbogbo owó di 85,000. Ó ní 25,000 ló kù. Akáṣíà ní, "Bàbá, ìwé tẹ́ ẹ fi san tàkọ́kọ́ ńkọ́?" Ìwé ti bá ṣòkòtò iṣẹ́ wọ omi ọṣẹ. Ta ló fẹ́ bá a jẹ́rìí?

Àyẹ̀wò náà ńkọ́? AA, AS tàbí SS, bí wọ́n ti bíni mọ́ ọn ló ń wà. Ẹni tó fẹ́ fẹ́yàwó lè tún un ṣe kó lè dá a lójú, ìyẹn ò burú. Àmọ́ kéèyàn máa tún un san torí pé bébà sọnù, owó ọjà ló ń ṣòfò.

Ìwé ọmọ iléèwé kan ti tó. Ọjọ́, orúkọ ẹni tára rẹ̀ kò yá, ohun tí wọ́n ṣe fún un, oògùn, iye tí wọ́n san, iye tó kù. Ìyá tí kò mọ̀ ọ́n kọ, kó pe ọmọ tàbí ọmọṣẹ́ kó bá a kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, torí rìsíìtì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ máa ń ṣá, pàápàá níbi tó bá gbóná. Ọ̀rá kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, kí wọ́n fi kọ́ ìṣó níbi tí eku àti òjò kò dé. Kí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wà nínú tirẹ̀: ti ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14, ti oṣù 9, títí dé ti oṣù 15. Kò yẹ kó wà ní ṣọ́ọ̀bù o, àwọn oníbàárà kan ń ka ohun tí kò kàn wọ́n.

Oògùn tó bá ti mú kí ara ẹnì kan wú tàbí kó sú rí, báírò pupa ni kí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ sí èèpo ìwé, kí dókítà tètè rí i. Kí ẹlòmíì nínú ilé sì mọ ìṣó náà, nítorí ó lè jẹ́ ìyá tó ń tọ́jú ìwé gan-an ni wọ́n á sáré gbé lóru.