Ìhírámù àti Ẹ̀mí Kòkòrò

Àdúgbò Al-Karantina wà tẹ́lẹ̀ ní gúúsù Jẹ́dà, nítòsí èbúté, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà, tó fi mọ́ àwọn ará Nàìjíríà, ti tẹ̀dó sí fún ọjọ́ pípẹ́. Ará Jẹ́dà tó bá gbéra lọ ṣe Úmúrà ní Mẹ́kà yóò wọ ìhírámù, ipò mímọ́ tí olùjọ́sìn máa ń wà, láti ilé. Láti ìgbà náà, kò gbọdọ̀ dọdẹ ẹran igbó, kò sì gbọdọ̀ tọ́ka ẹran fún ọdẹ. Súrà karùn-ún nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 95, ní kí ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa á fi ẹran ọ̀sìn tó jọ ọ́ san án, tàbí kó bọ́ tálákà, tàbí kó gba ààwẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́kà pàápàá ní òfin tirẹ̀: a kì í pa ẹyẹlé ibẹ̀, a kì í gé igi tó dá hù. Mo gbà pé ẹni tó ti pa òfin yìí mọ́ ti ní ohun tí yóò fi lóye ẹ̀sìn Jain ti ilẹ̀ Íńdíà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní àṣejù.

Ahimsa, àìpa ohunkóhun lára, ni àkọ́kọ́ nínú ẹ̀jẹ́ márùn-ún àwọn Jain. Mahavira, tó wàásù rẹ̀ ní ohun tó lé ní ẹgbàá ọdún sẹ́yìn, kọ́ni pé kòkòrò ní ẹ̀mí, igi ní ẹ̀mí, omi pàápàá ní ẹ̀mí. Ìdí nìyí tí àwọn àlùfáà wọn, àwọn tó sá fún ayé, fi ń fi ìgbálẹ̀ rírọ̀ gbá ibi tí wọn yóò jókòó sí, tí àwọn kan ń fi aṣọ bo ẹnu, tí wọn kì í sì í rìnrìn àjò ní oṣù mẹ́rin òjò, nígbà tí kòkòrò kún ilẹ̀. Ẹ̀jẹ́ Jain tí kì í ṣe àlùfáà fúyẹ́ ju èyí lọ. Kì í jẹ ẹran, ọ̀pọ̀ kì í sì í jẹ àlùbọ́sà, nítorí fífà á tu pa ewéko náà pọ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kò sẹ́ni tó lè wà láàyè láìpa nǹkan. Òótọ́ ni, àwọn Jain sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Umasvati, onímọ̀ Jain, nínú ìwé Tattvartha Sutra, ní ìwà ipá ni kí àìbìkítà èèyàn gba ẹ̀mí. Ọkàn tí kò ṣọ́ra ni ẹjọ́ kọ́kọ́ bá. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ òfin Ìsìlámù náà ní ẹni tó ṣèèṣì pa ẹran nínú ìhírámù yóò san án: àìmọ̀ọ́mọ̀ mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, gbèsè wà síbẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹran tí wọ́n ń dú níbi Háájì. N kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Òfin ìhírámù kò kan ẹran ọ̀sìn, kò kan ẹja òkun, ó sì yọ̀ǹda pé ká pa àkekèé. Lójú Jain, àgbò àti ẹtu kò yàtọ̀, nítorí ìmọ̀lára márùn-ún kan náà ló wà lára méjèèjì. Ẹ̀sìn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan níbí, kò sì yẹ ká pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, àwọn tó lé ní 1,800,000 ló ṣe Háájì: oníṣòwò, awakọ̀, ìyálọ́jà. Gbogbo wọn ni òfin yìí dè. Ta ló tún lè sọ pé àwọn tó sá fún ayé nìkan ló lè kó ara wọn níjàánu níwájú ẹ̀dá tí kò lè gbèjà ara rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin Àlùhájì àti Àlájà, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ kọ́ àwọn ọmọ tó ń sọ òkò lu ẹyẹ ládùúgbò yín ní ohun tí ẹ pa mọ́ ní Mẹ́kà.